Ẹ̀wù Tí A Ń Wọ̀ fún Ojú Ayé: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìwé Ìtàn-Àròsọ Kan

 



Láìpẹ́ yìí, a ṣe ohun kan ní ẹ̀ka wa ní Ìjù-Odò tí a kò ṣe rí. Lẹ́yìn àsáláátù ọjọ́ Àìkú, dípò kí kálukú wa gba ilé lọ bí ìṣe wa, a jókòó sórí ẹní, arábìnrin wa kan sì ṣí ìwé ìtàn-àròsọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Bí ó bá ka ojú ìwé kan tán, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ ta kókó, á fi Ìkálẹ̀ tú u palẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Bí a ti ń fi ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn ni àwọn tó ń jókòó ń pọ̀ sí i, títí tí àwọn ìyá tó ń dúró de ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà fi wọlé wá jókòó tì wá.

Ìdí tí a fi ń kọ̀wé yìí ni pé ìwé náà dùn mọ́ wa, ó sì fọwọ́ kan ohun kan láàárín wa tí a kò mọ̀ pé ó ń dùn wá.

ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ MÙSÙLÙMÍ KA ÌTÀN-ÀRÒSỌ?

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, arákùnrin wa kan dìde, ó bi wá pé: "Ṣé a ti ka Àlùkùránì tán ni, tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí?" A kò fi ìbéèrè yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá fi ìwé ìtàn gba àkókò ìrun, tàbí tó ń ka èyí tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹwà, ó ti ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ń fi ìtàn kọ́ wa. Ó pe ìtàn Ànábì Yūsuf ní èyí tó dára jù lọ nínú àwọn ìtàn (Q. 12:3), Ó sì fi ìparí Súúrátù náà yé wa pé ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn wọn fún àwọn onílàákàyè (Q. 12:111). Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn Àlùkùránì. Àròsọ ọmọ ènìyàn ni ìwé tí à ń sọ yìí. A kò gbé wọn sórí àtẹ kan náà. Síbẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ ìjàpá lẹ́nu ìyá wa àgbà. Kò sí ẹni tó rò pé ìjàpá fọhùn rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò rí ìwà ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìjàpá. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni a fi ka ìwé yìí. Arákùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà jókòó pẹ̀lú wa di ìparí.

ÌWÉ NÁÀ ÀTI ẸNI TÓ KỌ Ọ́

A Spell of Good Things ni orúkọ ìwé náà. Tí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a lè pè é ní "Sáà Oore." Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2023. Wọ́n bí òǹkọ̀wé yìí ní 1988 ní Èkó, ó dàgbà ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ó sì kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Stay With Me, tó jáde ní 2017, dá lórí tọkọtaya kan ní Iléṣà tí wọ́n ń wá ọmọ, àti irọ́ tó fara pamọ́ sínú ìgbéyàwó wọn. Ní 2023, ìwé tuntun yìí wà lára àwọn mẹ́tàlá tí àwọn adájọ́ ẹ̀bùn Booker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yàn sọ́tọ̀. Ọmọ wa ni òǹkọ̀wé náà, ọ̀rọ̀ wa ló kọ. Ohun kan tó tún mú inú wa dùn ni pé ó fi àmì ohùn sí orí orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé náà. Kò sí ẹni tó lè ṣi orúkọ náà pè.

ORÚKỌ MÉJÌ, ỌLÁ KAN

Ọ̀dọ́ méjì ni ìwé náà tẹ̀ lé. Ẹniọlá ni èkíní, Wúràọlá sì ni èkejì. Ẹ wò ó pé ọlá wà nínú orúkọ àwọn méjèèjì. Ìwé kíkà náà kò tíì jìnnà tí a fi rí i pé ọ̀kan ń wá ọlá kiri, èkejì sì jókòó sínú ọlá, kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọmọ tálákà ni Ẹniọlá. Ó ga ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, débi pé àwọn ènìyàn ń retí ìwà àgbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Tíṣà ìtàn ni bàbá rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkùnrin náà kò tún rí ara rẹ̀ bí ènìyàn mọ́. Ìbànújẹ́ dá a dùbúlẹ̀. Ẹniọlá ń jíṣẹ́ kiri, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ti Àǹtí Caro, bí ọmọ iṣẹ́, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń na àwọn ọmọ tí kò bá tíì san owó. Ní ibẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn tutọ́ sí i lójú níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ni ọmọ náà ṣe? Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé omi lásán ló ta sí òun.

Nígbà tí arábìnrin wa ka ibẹ̀, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa tó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì sọ pé, "Mo mọ omi yẹn."

Wúràọlá ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ olówó, dókítà tuntun tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, oorun kò tó o, ṣùgbọ́n ilé ń fi í yangàn. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n, gbogbo ẹnu ló ń béèrè ọkọ. Kúnlé sì wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ ẹbí, ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ni ẹbí tún ń fẹ́? Ṣùgbọ́n Kúnlé a máa gbé ọwọ́ sókè sí i. Ojú tí gbogbo ìlú ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ojú tí Wúràọlá ń rí. Dókítà tó ń tọ́jú egbò àwọn ẹlòmíràn ní láti máa wá ọ̀nà tí yóò fi bo tirẹ̀, nítorí pé ayọ̀ ẹbí kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́.

A kò ní sọ ìparí rẹ̀ fún yín. A fẹ́ kí ẹ kà á fúnra yín. Ohun tí a lè sọ ni pé òṣèlú kan wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àti pé ọ̀nà àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì pàdé níbi tí kò yẹ kó ti pàdé. Ìwé náà kì í ṣe ìwé ẹ̀sìn. Àwọn ibì kan wà tí arábìnrin wa fò níwájú àwọn ọmọdé, ẹni tó bá ń kà á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù lọ ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà. Ibẹ̀ ni a ti ń rán aṣọ àríyá fún àwọn tó lówó lọ́wọ́, nígbà tí ọmọ tó ń bá wọn gbálẹ̀ rẹ̀ kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Bí a ti ń kà á lọ ni ó ń yé wa pé kì í ṣe aṣọ tí a fi abẹ́rẹ́ rán nìkan ni àwọn ènìyàn inú ìwé náà wọ̀. Bàbá wọ ẹ̀wù tíṣà. Nígbà tí wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, ó rò pé ìhòhò lòun wà. Ẹniọlá wọ ẹ̀wù ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Wúràọlá wọ ẹ̀wù ọmọ àmúyangàn. Kúnlé wọ ẹ̀wù ọmọlúàbí. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀: ojú ayé.

KÌ Í ṢE GBOGBO OJÚ AYÉ NI IRỌ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí. Arákùnrin wa kan sọ pé, "Nígbà náà, munáfìkí ni gbogbo ènìyàn." Rárá o.

Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Erving Goffman, ọmọ Kánádà, ẹni tó kú ní 1982. Láàárín 1949 sí 1951, ó lọ gbé ní erékùṣù Shetland ní àríwá Scotland, ó ń wo ìṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Nínú yàrá ìjẹun níwájú àlejò, ẹ̀rín àti ìtẹríba ni. Bí wọ́n bá ti wọ ilé ìdáná, tí ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn wọn, ìwà mìíràn ni. Ní 1956 ó fi èyí kọ ìwé kan tó lókìkí káàkiri ayé. Ohun tó sọ kò ju pé iwájú ìtàgé àti ẹ̀yìn ìtàgé wà fún gbogbo wa, gẹ́gẹ́ bí òṣèré.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bínú sí bàbá rẹ̀ tó sì dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ẹ̀kọ́ ló ní, kò purọ́. Nọ́ọ̀sì tí orí ń fọ́, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn, àánú ló ń ṣe. Àwa Mùsùlùmí kò pọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, a sì jọ ń jẹ púpurú nínú àwo kan. Orúkọ tí wọ́n ń fi pè wá nílé lè má jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi pè wá ní mọ́ṣáláṣí. Ẹnì kan náà ló ń dáhùn méjèèjì.

Bákan náà ni ipò. Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ́gun Àgàgú jẹ́ ọmọ Ìjù-Odò wa níbí. Ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di igbákejì gómìnà, ó di mínísítà, ó sì di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Ó kú ní 2013. Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀wù mélòó nìyẹn lọ́rùn ẹnì kan? Gbogbo rẹ̀ la wọ̀, gbogbo rẹ̀ la bọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀wù ni ipò, kò ní sunkún ẹ̀mí nígbà tí wọ́n bá gbà á. Ì bá ṣe pé bàbá Ẹniọlá mọ èyí ni, bóyá ì bá dìde lórí ibùsùn.

Nítorí náà, aṣọ kì í ṣe ohun búburú. Ọlọ́hun ló fi aṣọ ṣe oore fún ọmọ ènìyàn, Ó sì fi yé wa pé aṣọ ìbẹ̀rù Rẹ̀ ló dára jù (Q. 7:26). Ó tilẹ̀ pe ọkọ ní aṣọ ìyàwó, Ó sì pe ìyàwó ní aṣọ ọkọ (Q. 2:187). Aṣọ a máa boni, a máa gbani lọ́wọ́ òtútù, a sì máa fi iyì sí ara. Ìbéèrè tó yẹ kí kálukú bi ara rẹ̀ ni pé: ẹ̀wù tí mo wọ̀ yìí, ṣé ìhòhò ló ń bò, tàbí egbò? Ẹni tó bo ìhòhò ṣe dáadáa. Ẹni tó fi aṣọ di egbò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn sí i, yóò padà rùn sí i lára.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Ní ọjọ́ tí a ka ibi tí Kúnlé ti gbé ọwọ́ sókè sí Wúràọlá, arábìnrin kan dìde láàárín wa, ó lọ síbi omi, ó ń ṣe àlùwàlá. Àkókò ìrun kò tíì tó. Ó ṣe àlùwàlá náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn arábìnrin méjì tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí tẹ̀ lé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló fún wa láyè láti kọ èyí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, a sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kìíní, ó ní ìbínú ni. Ìgbà kejì, ó ní òun ni ó mú òun bínú. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Wọ́n ti san owó ìlù. Nígbà tí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá rẹ̀, ìyá ní kó fi aṣọ bò ó, pé ọkùnrin a máa yí padà bí ọmọ bá ti dé.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó dùn wá jù ni èyí: a mọ ọkùnrin náà. Ohùn rẹ̀ dùn bí ó bá ń ké Àlùkùránì. Nígbà tí a bá ní ìpàdé ńlá, àwa la máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Àwa la máa ń sọ fún àwọn arábìnrin wa pé irú ọkùnrin báyìí ni kí wọ́n máa wá. Àwa náà wà lára àwọn tó rán ẹ̀wù náà fún un. A kò béèrè rí bí ó ti ń ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn bá padé.

Àwọn àgbà sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ẹnì kan nínú wa sọ lọ́jọ́ náà pé ẹni tó bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀. Òótọ́ ni, àdíìsì ni, Ímáàmù Muslim gbà á wá. Ṣùgbọ́n àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá sí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyà tó fi ń jẹ ẹlòmíràn. Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú, àfi lẹ́nu ẹni tí a ṣàbòsí sí (Q. 4:148). Ẹni tí à ń lù ní àyè láti kígbe. Ẹni tó bá sì pa á lẹ́nu mọ́, òun ló ń fi aṣọ di egbò.

Ẹ̀WÙ MẸ́TA INÚ SÚÚRÁTÙ YŪSUF

Arákùnrin tó kọ́kọ́ ta ko ìwé náà ló là wá lójú sí èyí. Ó ní kí a padà sínú ìtàn tí Ọlọ́hun pè ní èyí tó dára jù. Ẹ̀wù mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èkíní: àwọn ẹ̀gbọ́n Yūsuf ju àbúrò wọn sínú kànga, wọ́n sì padà wálé lálẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n mú ẹ̀wù rẹ̀ dání, tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ pa (Q. 12:16-18). Ẹkún wà, ẹ̀jẹ̀ wà, òru sì bo ojú wọn. Kò sí ohun tó kù láti fi pe irọ́ náà ní òótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá wọn kò gbà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn òbí wa ni pé ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ kò tó láti fi gbàgbọ́. Ẹ wo ẹ̀wù náà dáadáa.

Èkejì: wọ́n fẹ̀sùn kan Yūsuf ní ilé olówó. Obìnrin tó fẹ̀sùn kàn án wọ ẹ̀wù ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Onílé ni, ẹrú ni Yūsuf. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n wo ibi tí ẹ̀wù náà ti ya. Bó bá ti iwájú ya, obìnrin ló jàre. Bó bá ti ẹ̀yìn ya, Yūsuf ló jàre. Ẹ̀yìn ló ti ya (Q. 12:25-28). Wọn kò wo ẹni tó lówó, wọn kò wo ẹni tó ga. Ibi tí aṣọ ti ya ni wọ́n wò. Ìtàn yìí kọ́ wa pé obìnrin lè purọ́, ọkùnrin sì lè purọ́. Nítorí náà, ìwádìí ni kí a ṣe, kí a má fi ipò ẹnikẹ́ni dájọ́.

Ẹ̀kẹta: nígbà tí ọdún pọ̀ tó kọjá, Yūsuf ti di aláṣẹ ní Íjíbítì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síwájú rẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n, òun sì mọ̀ wọ́n. Òun náà fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfarapamọ́ tirẹ̀ ní òpin, ó sì yọrí sí ìdáríjì. Ó sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn, ó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi bo ojú bàbá òun. Ojú tí ẹkún ti fọ́ sì là (Q. 12:90-96).

Ẹ̀wù irọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún bàbá náà. Ẹ̀wù òótọ́ ló parí rẹ̀. Nígbà tí arákùnrin wa sọ èyí tán, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ní ti arábìnrin wa, a tọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ, ẹni tí bàbá rẹ̀ máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. A kò lọ dá ẹjọ́. A ní kí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n jókòó. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ sẹ́, lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó dúró. Aṣọ ẹbí wà nínú àpótí. A kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti parí, ọwọ́ arábìnrin wa ni ó sì wà. Ó ti padà sí àsáláátù. Àlùwàlá ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe.

Ẹ̀yin arákùnrin wa: ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ́rìí pé Ànábì kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin rí. Ó tún jẹ́rìí pé bí ó bá wà nílé, iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe. Ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí náà ló wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣekárími ni ẹni tó dára níta tó sì burú nílé, Ọlọ́hun sì ti bá àwọn tó ń kírun nítorí kí á lè rí wọn wí gidigidi (Q. 107:4-6). Ànábì tún kọ́ wa láti ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ì báà ṣe ẹni tí à ń ṣàbòsí sí, ì báà ṣe alábòsí. Ìrànlọ́wọ́ alábòsí ni pé kí á dá a lọ́wọ́ kọ́. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ nínú ẹ̀wù irọ́.

Ẹ̀yin arábìnrin wa: sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù kò túmọ̀ sí pé kí o máa pe itọ́ ní omi. Sọ ọ́ fún ẹni tó ní làákàyè, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé. Òfin pẹ̀lú wà. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2021. Lílù nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa: owó aṣọ ẹbí kò tó owó ọmọ. Ẹni tó bá ti ra aṣọ lè tà á.

Àti àwa tí a jẹ́ olórí ẹgbẹ́: kí á tó gbé ẹnikẹ́ni ga fún ohùn dídùn, ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ìwà rẹ̀ ti rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ ẹ̀wù mẹ́ta tí o máa ń wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èwo ni o fẹ́ràn jù, èwo ló sì wúwo jù lọ́rùn rẹ?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí á bo àṣírí ènìyàn àti kí á bo ìyà tó fi ń jẹ ẹlòmíràn?

3. Bí o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ Wúràọlá, kí ni o máa sọ fún un? Bí o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ Kúnlé ńkọ́?

4. Kí ló mú kí Ànábì Ya'qūb má gba ẹ̀wù tí wọ́n gbé wá fún un gbọ́?

Ẹ kó ìbéèrè wọ̀nyí lọ sí ẹ̀ka yín. Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ kà á pọ̀, kí ẹ má dá a kà. Ìwé tí a kà pọ̀ ló jẹ́ kí ẹnì kan láàárín wa rí ẹnu fọhùn.

Kí Ọlọ́hun fi aṣọ ìbẹ̀rù Rẹ̀ wọ̀ wá, kí Ó bo ìhòhò wa, kí Ó wo egbò wa sàn, kí Ó sì jẹ́ kí inú wa dára ju ìta wa lọ. Àmín.